Orin Ọmọ Ọdún 15: Ohun Tí Àwọn Ará Jàpáànì Ń Kọ fún Ọmọ Tó Fẹ́ Kúrò Nílé

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Fóìsì nóòtì márùn-ún ni, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé e àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà.

Fóìsì kìíní

Admin yín ni o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a sọ̀rọ̀ lórí bí ọkọ̀ ojú irin ṣe kó àwọn bàbá wa wá sí òkè ọ̀hún. Lónìí mo fẹ́ gbé yín lọ sí ọ̀nà tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jàpáànì ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Àkọ́bí mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe JSS 3 tán. Ọmọ ọdún 15 ni. Kánò níbí la bí i sí, Hausa rẹ̀ sì já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ ti fẹnu kò pé tí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ilé ló ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbẹ̀ ni yóò ti ṣe SS 1. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí òbí fi ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò ní máa tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sọ fún un, ọmọ náà ò bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Tí mo bá pè é, á ní "sà", á dáhùn ohun tí mo bi í, á tún wọ yàrá lọ. Orin kan ló kù tó ń gbọ́ lórí fóònù, tó ń kọ tẹ̀ lé e ní èdè tí n kò gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan inú bí mi. Mo ní, "Irú orin wo leléyìí? Àwọn wo ló ń kọ ọ́?" Ó ní, "Dádì, orin àwọn ọmọ Jàpáànì tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni." Ó wá fi ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò náà hàn mí. Mo kà á tán, mo jókòó. Ẹ̀yin ará, ìbínú náà ò wá mọ́.

Látìgbà náà, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tí mo sì jẹun tán, mo máa ń wá ìtàn àwọn orin yìí kiri. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fojú sí bí mo ṣe ń lọ: nínú orin kọ̀ọ̀kan, ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀?

Fóìsì kejì

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ilé-ìwé wọn ṣe rí ná. Láti 1947 ni ìjọba Jàpáànì ti sọ ọ́ di dandan pé ọdún 9 ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ lò nílé-ìwé: 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní ilé-ìwé àárín, èyí tó dà bíi JSS tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 3 míì ni ti girama àgbà. Ó jọ 6-3-3-4 tiwa, àbí? Ọmọ máa ń pé 15 kó tó jáde ní ilé-ìwé àárín. Oṣù kẹta ọdún ni ọdún ilé-ìwé wọn ń parí, oṣù kẹrin ni tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Torí náà, ọdún 15 yìí, oríta ni. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń rìn á fọ́n ká: kálukú á ṣe ìdánwò lọ sí girama tó bá gbà á. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ lọ sí girama kankan, iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ.

Orin ìdágbére ilé-ìwé ti wà níbẹ̀ kí 1947 tó dé. Nígbà tí ìjọba wọn ń tún orílẹ̀-èdè ṣe ní ìparí ọ̀rúndún tó jẹ́ ti 1800, wọ́n fi orin kíkọ sí ara ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Ní 1881, wọ́n mú ohùn orin àwọn ará Scotland, èyí tí àwọn òyìnbó ń kọ tí ọdún bá ń parí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Jàpáànì sí i. Orúkọ rẹ̀ ni "Hotaru no Hikari", ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tanátaná. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí: títí dòní, tí ṣọ́ọ̀bù ńlá bá fẹ́ tì ní Jàpáànì, ohùn orin yìí ni wọ́n máa ń fi sí i. Kò sẹ́ni tó máa lé oníbàárà jáde. Tí oníbàárà bá ti gbọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé ó yá.

Ní 1884, òmíràn dé, "Aogeba Tōtoshi". Ọmọ ilé-ìwé ló ń dúpẹ́ oore tíṣà nínú rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń kọ ọ́ láìmọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá, àfi ìgbà tí ọ̀mọ̀wé kan rí i ní 2011 nínú ìwé orin ilé-ìwé Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1871. Ẹ wò ó, nínú orin ayé ìgbà náà, ẹnu ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ rere ni o, ọpẹ́ yẹ tíṣà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè ohun tó wà nínú tirẹ̀.

Wàyí o, ibi tó kan àwa àtìpó gan-an. Lẹ́yìn ogun ńlá, Tokyo ń wá òṣìṣẹ́ bí ẹni ń wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn abúlé òkè àríwá, bíi Aomori, ní ọmọ, wọn ò ní iṣẹ́. Láti 1954, wọ́n ń ṣètò ọkọ̀ ojú irin tó dìídì ń kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé àárín lọ sí ìlú ńlá. Ọmọ ọdún 15 ni wọ́n o! Àwọn òbí á máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ibùdókọ̀ Ueno ní Tokyo ni àwọn tó ti òkè àríwá wá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ á ti dúró dè wọ́n, wọ́n á kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù. "Ẹyin wúrà" ni wọ́n ń pè wọ́n, torí wọ́n ṣọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ wọn ò sì pọ̀. 1975 ni ọkọ̀ yẹn tó dáwọ́ dúró.

Ní 1964, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Izawa Hachirō, ọmọ Aomori fúnra rẹ̀, gbé orin kan jáde tí ń jẹ́ "Aa Ueno-eki". Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ibùdókọ̀ yẹn ló ń rán an létí ilé. Orin náà gbilẹ̀ débi pé wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ náà ní 2003. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ọmọ tó ti lọ ni. Ó ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ò sí níbẹ̀ láti dá a lóhùn.

Fóìsì kẹta

Mo ti padà dé o, oníbàárà kan ló pè mí.

Nígbà tó fi máa di 1974, nínú ọmọ 100 tó jáde ilé-ìwé àárín ní Jàpáànì, ó ti lé ní 90 tó ń tẹ̀ síwájú sí girama. Owó ti dé. Ẹ̀yin á rò pé ìdààmú ti tán nìyẹn. Rárá o. Ìdánwò wá di ẹrù lórí ọmọ. Ẹni tí kò bá wọ girama tó dára, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ti sọ ọjọ́ iwájú rẹ̀ nù. Láti ìparí ọdún 1970 sókè wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1980 sókè, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé àárín. Ọmọ ń fọ́ gíláàsì fèrèsé, ọmọ ń lu tíṣà. Jàpáànì tí a mọ̀ sí ìlú onítẹríba yìí náà ni o.

Orin méjì jáde nínú wàhálà yẹn, ẹ fi wọ́n wéra. Àkọ́kọ́, ní oṣù kẹwàá 1979, eré kan bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tó dá lé tíṣà ilé-ìwé àárín kan, Kinpachi lorúkọ tíṣà náà. Takeda Tetsuya ló ṣe é. Ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, Kaientai, ló kọ orin eré náà, "Okuru Kotoba". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin ẹni tó ń lọ sọ́nà. Àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe láti bá ọmọ wí, bí kò ṣe láti sìn ín sọ́nà. Ilé-ìwé káàkiri gbà á fún ayẹyẹ ìjáde.

Èkejì, ní oṣù kejìlá 1983, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ozaki Yutaka, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, gbé orin tirẹ̀ jáde. Ó pè é ní "15 no Yoru", ìyẹn alẹ́ ọmọ ọdún 15. Ọmọ tó sá kúrò nílé lóru, tó jí alùpùpù gùn, tí kò tilẹ̀ mọ ibi tó ń lọ, ni orin náà dá lé. Àwọn àgbà bínú sí i, àwọn ọmọ ní ẹnu àwọn ló fi sọ ọ́. Ozaki ò pẹ́ láyé, ọdún 26 ló kú, ní 1992. Ṣùgbọ́n títí dòní wọ́n ṣì ń gbọ́ orin yẹn. Ní tèmi o, mi ò ní kí ọmọ jí alùpùpù. Ohun tí mò ń wí ni pé nígbà tí àgbà ò bá béèrè, ọmọ á wá ọ̀nà tí yóò fi sọ ọ́, ọ̀nà náà sì lè má dára.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn ìtàn yìí jù ló kàn báyìí. Ìlú kan wà láàárín òkè ní ìpínlẹ̀ Saitama, Chichibu lorúkọ rẹ̀. Ilé-ìwé àárín kan wà níbẹ̀, Kagemori. Ilé-ìwé náà ti dàrú, àwọn ọmọ ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Pirínsípà tó wà níbẹ̀, Kojima Noboru, kò sọ pé ẹgba lòun máa fi tún un ṣe. Orin ló ní òun máa fi tún un ṣe, kí ilé-ìwé náà di ibi tí orin ti ń dún. Tíṣà orin kan, arábìnrin Sakamoto Hiromi, dúró tì í. Lákọ̀ọ́kọ́ àwọn ọmọ ò kọ. Díẹ̀díẹ̀, ohùn wọn ń jáde. Ọdún 3 ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tó di 1991, ìjáde àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jìyà orin yìí ti súnmọ́lé. Tíṣà orin fẹ́ kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn kan tó máa jẹ́ tiwọn nìkan. Ó ní kí pirínsípà bá òun kọ ọ̀rọ̀ orin. Bàbá náà ní rárá, òun ò mọ irú ẹ̀ ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tíṣà dé ibi tábìlì rẹ̀, ó bá ìwé tí ọ̀rọ̀ orin wà lórí rẹ̀. Ó gbé e lọ sí yàrá orin, ó sì fi ohùn sí i. Ìṣẹ́jú bíi 15 péré ni wọ́n ní ó gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin àwọn ọmọ sọ́nà, àwọn tíṣà ló dìde, àwọn ló kọrin náà fún àwọn ọmọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ní 1884, ọmọ ló ń kọrin fún tíṣà. Ní 1991, tíṣà ló kọrin fún ọmọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn láti kọ ọ́. Pirínsípà náà fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó kù ní àwọn náà fẹ́ kọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn àwọn tíṣà orin tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé-ìwé kan dé òmíràn. Kò tó ọdún 10 tó fi kárí Jàpáànì. "Tabidachi no Hi ni" lorúkọ rẹ̀, ní ọjọ́ ìrìnàjò. Ní 2007, ẹgbẹ́ olórin ńlá, SMAP, kọ ọ́. Kojima kú ní oṣù kìíní 2011, ọmọ ọgọ́rin ọdún ni. Bàbá tó ní òun ò mọ orin ṣe!

Fóìsì kẹrin

Orin tí ọmọ mi ń kọ ló kàn.

Láti 1932 ni ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n NHK ti ń ṣe ìdíje orin fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lóde òní, ìpele mẹ́ta ni: alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé àárín, àti girama. Lọ́dọọdún, orin kan wà tí gbogbo ilé-ìwé tó bá díje ní ìpele kan gbọ́dọ̀ kọ. Ní 2008, olórin kan tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ dáadáa, Angela Aki, ni wọ́n ní kó kọ ti ilé-ìwé àárín. Bàbá rẹ̀ ọmọ Jàpáànì, ìyá rẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti jókòó lọ́jọ́ kan kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ tí yóò di àgbà. Ó gbàgbé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò gbàgbé. Lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ìyá náà fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí i. Ìyá tó tọ́jú bébà ọmọ rẹ̀ fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ìwé owó tí a fi ń ra ọjà gan-an, mélòó nínú wa ló lè rí ti ọdún méjì sẹ́yìn?

Lára lẹ́tà yẹn ló ti yọ orin náà, "Tegami", tó túmọ̀ sí lẹ́tà. Bí wọ́n ṣe tò ó ló dùn mọ́ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 15 ló ń kọ̀wé sí ara rẹ̀ ti ọjọ́ iwájú, ó ń sọ ohun tí kò lè sọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, àgbà yẹn dá a lóhùn. Kò purọ́ fún un pé àgbà ò ní ìṣòro. Ó ní àwọn àgbà náà ń fara pa, wọ́n ń pa oorun dà lóru, ṣùgbọ́n kó má sọ ìrètí nù. Ẹ ò rí i? Ọmọ sọ̀rọ̀, àgbà sì fèsì, nínú orin kan náà. Ní 1964, ilé ò dá ọmọ Ueno lóhùn. Ó wá tó ogójì ọdún àti díẹ̀ kí ìdáhùn tó dé.

Látìgbà yẹn, àwọn olórin ìgbàlódé ló wá pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ orin ìdíje náà fún ilé-ìwé àárín. Ikimono-gakari kọ "YELL" ní 2009, YUI kọ "fight" ní 2012. Orin tí àwọn ọmọ ń gbọ́ lórí fóònù náà ni ilé-ìwé wá ń kọ́ wọn.

Èyí tó kẹ́yìn ló wọ̀ mí lára jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní ìlà-oòrùn àríwá Jàpáànì, omi òkun ya wọ ìlú, ilé iṣẹ́ iná nuclear ní Fukushima sì bàjẹ́. Ilé-ìwé àárín Odaka, ní Minamisōma, wà ní àdúgbò tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ kó kúrò. Nínú àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ níbẹ̀, omi gbé méjì lọ. Àwọn tó kù fọ́n ká, láti Hokkaido lókè títí dé Nagasaki nísàlẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, ilé-ìwé onílé-ìwé ni wọ́n ti ń kàwé.

Tíṣà orin wọn, Oda Miki, gbé àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì kalẹ̀, wọ́n ń lẹ fọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ wọn mọ́ ibi tí kálukú sá lọ. Bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn: ó jìn o, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kan náà ló so gbogbo wa pọ̀. Tíṣà náà ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Láti inú rẹ̀ ló ti kó orin jọ, "Gunjō", orúkọ àwọ̀ búlúù tó jinlẹ̀ kan ni. Nígbà ìjáde wọn ní 2013, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́. Báyìí, àwọn ẹgbẹ́ akọrin káàkiri Jàpáànì ló ń kọ ọ́. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ náà ni. Ohun tí tíṣà ṣe ni pé ó gbọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Fóìsì karùn-ún

Mo fẹ́ parí o, ilẹ̀ ti ṣú.

Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi wo gúrúùpù wa yìí. Ta ni nínú wa tí kò fọ́n ká? Ọdún 19 ni mo wà nígbà tí mo wá sí Kánò, lẹ́yìn tí mo ṣe SS 3 tán. Bàbá mi sìn mí dé gáréèjì. Ó fún mi lówó ọkọ̀, ó ní, "Má ba orúkọ mi jẹ́." Ó tán. Ọkọ̀ gbéra. Mi ò dá bàbá mi lẹ́bi, bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti kú báyìí, mo sì ń rò ó nígbà míì, ṣé ó ní ọ̀rọ̀ míì nínú lọ́jọ́ yẹn tí kò sọ? Èmi náà ń kọ́? Ẹ̀rù ń bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ fún un.

Mo wá rí i pé ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ọmọ mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo ti san owó ilé-ìwé, mo ti ra báàgì, mo ti bá ìyá mi sọ ọ́. Gbogbo ètò ló ti pé. Ọmọ nìkan ni mi ò tíì bá sọ̀rọ̀. Àṣẹ ni mo pa fún un.

Lánàá, mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kí n tó ṣí i, mo ṣe fóìsì nóòtì sí i. Mo sọ ìdí tí a fi fẹ́ kó lọ. Mo sọ ti gáréèjì yẹn àti ẹ̀rù tó bà mí. Mo ní kó kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ tó bá wù ú, kó fún ìyá rẹ̀, a ò ní kà á, a ó tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti gbọ́ ọ, mo rí àmì búlúù náà. Kò tíì fèsì. Mi ò ní fipá mú un. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin náà nìyí. Ẹni tó ní ọmọ tó ń lọ sílé ní oṣù kẹsàn-án, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó fèsì. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ yín, lẹ́yìn tí a bá ti sanwó DJ àti kánópì tán, ẹ dìde, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó ti inú yín wá fún ọmọ náà. Ẹ má ní ẹ ò mọ̀ ọ́n sọ. Pirínsípà yẹn náà ní òun ò mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹni tó bá ní ìtàn ọjọ́ tó kúrò nílé, kó ṣe fóìsì rẹ̀ síbí. Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpolówó ọjà dí i lójú lálẹ́ òní.

Ire o. Ó dàárọ̀. Admin yín ni.